Ọ́tò kì í ṣe ọkọ̀ arúgbó

Ẹ jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ ọ́: "Ọ́tò? Ọkọ̀ arúgbó nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, mánúà ni kó rà." Gbogbo ará orí bẹ́ǹṣì á sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ́tò ni ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀; ti mánúà, awakọ̀ ló ń fi ọwọ́ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, torí Golf mánúà ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òótọ́ rí. Nínú ọ́tò àtijọ́, ẹ́ńjìnì àti gíàbọ́ọ̀sì kì í fọwọ́ kan ara wọn. Ọ́ìlì ló ń gbé agbára láàárín wọn. Ẹ gbé fáànù méjì kọjú síra, kí ẹ tan ọ̀kan ṣoṣo: atẹ́gùn rẹ̀ á yí èkejì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èkejì ò ní yára bá a láé. Bí ọ́tò ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn, ohun tó sì ń ṣòfò láàárín á di ooru. Gíà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni púpọ̀ nínú wọn tún ní, nígbà tí mánúà ní márùn-ún. Ní ìlú olókè bíi Abẹ́òkúta, ẹ mọ bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń kérora.

Àmọ́ wọn ò dúró síbẹ̀. Ọ́tò òde òní máa ń so ẹ́ńjìnì àti gíàbọ́ọ̀sì pọ̀ pinpin bí ọkọ̀ bá ti gbéra, òmíràn sì ní gíà mẹ́jọ. Oríṣi kan tún wà tó ní kúlọ́ọ̀ṣì méjì (kúlọ́ọ̀ṣì ló ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà, tó sì ń tú u sílẹ̀), èyí tí Volkswagen fi sínú Golf R32 lọ́dún 2003. Kúlọ́ọ̀ṣì kan di gíà kìíní, ẹ̀kẹta àti ìkarùn-ún mú. Èkejì di ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà mú. Bí ẹ bá wà lórí ẹ̀kẹta, ìkẹrin ti wọlé, ó ń dúró. Kúlọ́ọ̀ṣì kan ń tú sílẹ̀ bí èkejì ṣe ń mú ni. Ta ni nínú wa tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá ṣe ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì tí a ń fa gíà, táyà ò rí agbára kankan gbà.

Ẹ wo Porsche 911 GT3 tó jáde ní 2021. Ó ní ti mánúà, ó ní ti kúlọ́ọ̀ṣì méjì, ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Láti ìdúró títí dé eré 100 kìlómítà ní wákàtí, èyí tó ní kúlọ́ọ̀ṣì méjì ń lo ìṣẹ́jú àáyá 3.4, mánúà ń lo 3.9. BMW ò tilẹ̀ fi mánúà sínú ọkọ̀ eré wọn, M3 Competition, èyí tó lágbára ju M3 lásán lọ.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń ṣe mánúà? Ní 2013, GT3 jáde láìní mánúà rárá, àwọn oníbàárà sì fárígá. Ní 2016, Porsche ṣe 911 R, mánúà nìkan, ọkọ̀ 991 péré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mánúà padà sínú GT3. Adùn ni wọ́n ń wá, wọn ò wá eré. Ẹ lọ sí Ìtòkú: ẹni tó ń ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ yà kò sọ pé ó yá ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọ́tò tí a mọ̀ níbí, tòkunbọ̀ ni, tí ọ́ìlì rẹ̀ ti dúdú, tó ń já wa jigijigi láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Ọbáńtókò. Aláìsàn la fi ń bá mánúà díje.

Síbẹ̀, bí ẹni tó wà ní Láfẹ́nwá yẹn bá ní kúlọ́ọ̀ṣì mánúà ni òun lè pààrọ̀ kílẹ̀ tó ṣú, pé ti oníkúlọ́ọ̀ṣì méjì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà àti ọ́ìlì tí òun ò ní, mi ò ní bá a jiyàn.