Iná Pupa Nìkan Kì í Wo Jẹjẹrẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́dún yìí nìkan, níbi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó tó ẹni mẹ́ta tó ti sọ fún mi pé iná ni òyìnbó fi ń wo jẹjẹrẹ báyìí, pé kéèyàn ṣáà ti ra fìtílà pupa, kó máa tàn án sójú ibi tó wú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tí wọ́n ń ta gààrí l'Ókè-Ajé ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń tàn án sí kókó kan lọ́mú ọ̀tún wọn lálaalẹ́, kí wọ́n tó fi han ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìtọ́jú tó ń lo ìmọ́lẹ̀ wà lóòótọ́. Ní 1900, ní Munich ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Oscar Raab, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹ̀dá kékeré inú omi tó bu aró kan sí ń kú bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n. Kánádà fọwọ́ sí Photofrin, oògùn tó ń bá ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ní 1993, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ní 1995. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Oògùn gan-an ni àwọn tó ń ta fìtílà kì í dárúkọ. Wọ́n á kọ́kọ́ gún Photofrin sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, á di 40 sí 50 wákàtí kí wọ́n tó tan lésà pupa sí ibi tó ń ṣe é. Oògùn ló ń gba agbára ìmọ́lẹ̀ náà, tó ń gbé e fún ọ́síjìn tó wà nínú ẹran ara. Ọ́síjìn yẹn ló ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ẹni tó tan iná láìgba oògùn, sítóòfù tí kò ní kẹrosíìnì ló ń ṣá ìṣáná sí.

Ẹ tiẹ̀ pa iná yàrá yín lálẹ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ ìka. Ìka á pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ wá gbé e sábẹ́ itan: òkùnkùn ni. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, pupa ló ń wọ ara jìnnà jù, síbẹ̀ agbára tó lè ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ bọ ọ̀nà ọ̀fun.

Àwọn kan tún ti gbọ́ pé wọ́n ń so irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ pólímà, ìyẹn mólékù tó gùn bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n ní iná á wá dé ibi gbogbo. Pólímà kò fi nǹkan kan kún ìmọ́lẹ̀. Ńṣe ló ń sọ oògùn di ńlá. Ẹni tó bá ń jọ̀ gààrí mọ̀ pé ajọ̀ tuntun kì í jẹ́ kí hóró ńlá kọjá, ṣùgbọ́n èyí tó ti ya á jẹ́ kó jò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó péye dà bí ajọ̀ tuntun; ti jẹjẹrẹ sábà máa ń ní ihò, oògùn ńlá á gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn olùwádìí méjì, Matsumura àti Maeda, kọ nípa rẹ̀ ní Japan ní 1986. Nínú eku, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú èèyàn, ihò náà kì í dọ́gba láti kókó kan sí òmíràn, nítorí náà mi ò lè pè é ní ìwòsàn tó dájú. Ó ṣeé ṣe kó wúlò lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn tó ń sọ pé kéèyàn máa yá oòrùn torí jẹjẹrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba Photofrin gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn fún ó kéré tán 30 ọjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ awọ rẹ̀ á jó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé fìtílà wá bá yín, ẹ bi í pé oògùn wo ló kọ́kọ́ wọ ara kí wọ́n tó tàn án.

A gbé ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ sí ọsibítù ní Ṣágámù. Dókítà bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó náà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ń ka oṣù lórí ìka.