Kámẹ́rà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan: bí àwòrán ṣe ń yí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní Ìlú Ọba, tó ń wo ìsọmọlórúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, rò pé, bí àwòrán bá ti kúrò lójú ìyá ọmọ bọ́ sọ́dọ̀ onílù, ṣe ni wọ́n pa kámẹ́rà kan, tí wọ́n tan òmíràn. Rárá o. Èrò yìí gan-an ló ń kó bá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà nílé.

Gbogbo kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wo olóúnjẹ tó gbé ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí àti gbẹ̀gìrì kaná. Bí oníbàárà bá ní gbẹ̀gìrì lòun fẹ́, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ dáná. Ṣíbí lásán ló máa ṣí kúrò nínú ìkòkò kan bọ́ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni OBS Studio, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó jáde lọ́dún 2012, tí wọ́n fi ń gbé àwòrán kámẹ́rà sáfẹ́fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe ń ṣe. Ó ń di àwòrán tó dé kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan mú, ó sì ń bù ú fún òǹwòran, ní ìgbà 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tẹ bọ́tìnì, bíbù tó kàn á ti inú ìkòkò mìíràn wá. Nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àfi kí gbogbo kámẹ́rà máa lu ìlù kan náà kí àwòrán má baà fò. Kọ̀ǹpútà ilé bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yẹn, ọgbọ́n ńlá sì ni.

Nínú OBS lórí Windows, níbi tí a ti ń to kámẹ́rà, àyè kan wà tí wọ́n kọ Deactivate when not showing (pa á bí kò bá sí lójú) sí. Ẹni tó bá fàmì síbẹ̀ ti paná ìdí ìkòkò. Ojú á ṣókùnkùn kí kámẹ́rà tó jí. Ẹ má fàmì sí i.

Igi ìdáná, ìyẹn ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, ńkọ́? Àwòrán 1080p (tó ní ìlà 1080) tí wọn ò fún pọ̀, 30 ní ìṣẹ́jú àáyá, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 gigabit (megabit 1,000) ní ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ sì ni okùn USB 2.0 kò gbà ju 480 megabit lọ. Bí kámẹ́rà tiẹ̀ fún àwòrán pọ̀, bí mẹ́ta bá wà lórí hub kan ṣoṣo (àpótí tó ń pín ojú USB kan sí púpọ̀), ọ̀kan lè kọ̀ kó má hó.

Ibi tí ètò yìí kù sí ni pé kámẹ́rà kì í yára bákan náà. Ohùn, tó yẹ kó ti ibì kan ṣoṣo wá, á bá ẹnu mu lójú kámẹ́rà kan, á ṣáájú rẹ̀ lójú èkejì. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú gbogbo wọn, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ lè rí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Nínú OBS, ẹ fi Render Delay dá àwòrán àwọn kámẹ́rà tó yára dúró de èyí tó lọ́ra jù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi Sync Offset dá ohùn dúró dè wọ́n.