Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì: ẹyin ló ń dá dúró

Kọ́ńdọ̀mù bẹ́, tàbí wọn ò tiẹ̀ lò ó rárá. Ilẹ̀ mọ́, obìnrin ń ka ọjọ́ lórí ìka, ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé oyún ti dúró. Ó lè máà tíì dúró o. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ 5, kó máa retí ẹyin. Ẹyin ní tiẹ̀ kì í lò ju wákàtí 24 lọ tó bá ti jáde. Nǹkan bí ọjọ́ 6 péré láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì ni ìbálòpọ̀ lè di oyún: ọjọ́ 5 tó ṣáájú kí ẹyin jáde, àti ọjọ́ tó jáde gan-an. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹyin ń jáde kì í dúró sójú kan, kíkà lórí ìka máa ń tanni jẹ.

Àsìkò tí àtọ̀ fi ń retí yẹn ni oògùn yìí ń bá ṣiṣẹ́. Levonorgestrel, mílígíráàmù 1.5, ló wọ́pọ̀ jù. Ó ń dá ẹyin dúró kó má tíì jáde títí àtọ̀ á fi kú. Bí ẹyin bá ti jáde, tàbí tí ara ti fún un láṣẹ àtijáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká lò ó láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kíákíá bó bá ti lè ṣeé ṣe. Àwọn kan ń pè é ní oògùn àárọ̀ ọjọ́ kejì. Orúkọ burúkú ni lójú tèmi: ta ló ní kéèyàn dúró dàárọ̀?

Ẹni tó bá ń sọ pé ó ń ṣẹ́ oyún kò gbà á bó ṣe rí. Oyún tó ti dúró, kò lè tú u.

Ulipristal, oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì mìíràn, ṣeé lò títí di wákàtí 120. Lúùpù oníkọ́pà, ohun èlò kékeré kan, tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá fi sílé ọmọ láàárín ọjọ́ 5, ló dájú jù nínú gbogbo wọn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá bì láàárín wákàtí 2 tó lo levonorgestrel gbọ́dọ̀ tún un lò. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kó sọ fún apòògùn, torí rifampicin ń dín agbára levonorgestrel kù. Bí nǹkan oṣù bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, kó ṣe àyẹ̀wò oyún.

Kó má sì rò pé òun ti bọ́ lóṣù yẹn. Ẹyin tí oògùn dá dúró ṣì ń bọ̀ lọ́nà.