Ìfọtafá Ọ̀pá Ìbọn Tuntun

Ìfọtafá ni orúkọ tí mo fara mọ́ fún iṣẹ́ tí a ń ṣe sí inú ọ̀pá ìbọn ráífù tuntun kí ó tó máa ta bí ó ti yẹ, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "barrel break-in". Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ní Ìbàdàn níbí ń pè é ní "fífọ́ wọlé", èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn rárá, nítorí olè ni ó ń fọ́lé. Àwọn mìíràn ní "ìdánwò ìbọn", ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dán ìbọn wò kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ba ohun tí a dojú rẹ̀ kọ ni; kò tún inú ọ̀pá ṣe. Èyí tí ó burú jù lójú mi ni "fífọ ìbọn tuntun", nítorí pé ó sún mọ́ òtítọ́ tó láti ṣi ọdẹ lọ́nà, kí ó máa rò pé búrọ́ọ̀ṣì àti oògùn ni ó ń mú inú ọ̀pá dán. Ọta ni ó ń mú un dán. Nítorí náà, ọta gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ náà, kí fífá sì tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ti wà nínú ìfọwọ́sí. Àwọn kan ní ìfọtafá le lẹ́nu. Kò le tó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí gbogbo oníròyìn ń pè láìkọsẹ̀.

Ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ kò nílò rẹ̀, nítorí pé inú ọ̀pá rẹ̀ tẹ́jú. Ráífù ni ó ní ìlà tí ó yí lọ nínú ọ̀pá, tí ń mú kí ọta máa pòòyì. Irin tí wọ́n fi gbẹ́ ilé ọta, ìyẹn ihò ìdí ọ̀pá tí ọta máa ń wà kí a tó yìn ín, a máa fi àpá wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níbi tí ọta ti ń bọ́ sínú ìlà wọ̀nyí, àpá náà a sì dábùú ọ̀nà rẹ̀. Bí ọta tí a fi bàbà bò bá ń kọjá, àpá a họ bàbà lára rẹ̀, iná ẹ̀tù a sì gbé bàbà náà lọ lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá níwájú.

Ẹ wo ọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́: a ó lọ àgbàdo díẹ̀ lórí rẹ̀, a ó fọ ìyẹ̀fun oníyanrìn náà dànù, a ó tún lọ òmíràn, títí yanrìn kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Lílọ ni ó ń mú ojú ọlọ dán. Omi kàn ń kó èérí kúrò kí lílọ tí ó kàn lè kan òkúta ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń yin ọta kan, tí a ó fọ bàbà kúrò pátápátá, kí a tó yin èkejì. Lẹ́yìn ọta 5 sí 10, a lè máa yin mẹ́ta mẹ́ta kí a tó fọ̀ ọ́. Oògùn tí ó ní amóníà a máa sọ bàbà di búlúù lára àkísà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ búrọ́ọ̀ṣì onídẹ pẹ̀lú, búlúù ti búrọ́ọ̀ṣì a sì máa tan ènìyàn jẹ. Láti ìdí ìbọn ni kí a ti máa fọ̀ ọ́, nítorí bí etí ẹnu ọ̀pá bá ti fara pa, ọta kò ní lọ tààrà mọ́.

Ọ̀pá tí wọ́n ti fi ọwọ́ dán nílé iṣẹ́ kì í gba ọta púpọ̀. Àwọn aṣèbọn kan tilẹ̀ ní fífọ̀ láàárín ọta kò ṣe dandan, pé bí a bá kàn ń yìn ín lọ, àpá náà a tán. Èmi kò gbà, nítorí bàbà tí ó bá bo àpá kò ní jẹ́ kí ọta kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò jiyàn pé ọta ni ó ń fá a.