Kì í ṣe òtútù ló ń sọ òṣìṣẹ́ di aláàárẹ̀ nígbà òtútù

Ní àwọn ilẹ̀ tí ìgbà òtútù ti máa ń le, ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ló gbà gbọ́ pé bí inú ilé iṣẹ́ bá ti móoru, tí òṣìṣẹ́ sì wọ aṣọ tó nípọn, kò sí ohun tó yẹ kó fa iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn mọ́. Ẹni tí oorun ń kùn ní gbogbo ìgbà, tí ojú rẹ̀ kò túraká, tí iṣẹ́ tó ti ń yá a lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹrù fún un, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni; bó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ olóoru ló ti wá, wọ́n á ní ara rẹ̀ ni kò tíì mọ́ òtútù. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ́, ó sì ń pa ènìyàn lára. Òtútù ní ìnira tirẹ̀ lóòótọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kó máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tí ara ń ṣàárò jù lọ ní àkókò yìí ni ìmọ́lẹ̀.

Ẹ wo ìlú London ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá: oòrùn kì í yọ ṣáájú aago 8 àárọ̀, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ẹni tó wọlé iṣẹ́ ní aago 8, tó jáde ní aago 5, lè má fojú kan oòrùn títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí òkùnkùn bá ṣú, ọpọlọ a máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń múra oorun sílẹ̀ fún ara; ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló máa ń dá a dúró. Nígbà tí àárọ̀ bá ṣókùnkùn, aago inú ara lè fà sẹ́yìn, kí ènìyàn ti jókòó sídìí iṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì rò pé òru ni. Àlàyé yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí kò tíì parí lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1984 ni dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn ìsoríkọ́ tó máa ń bá ìgbà òtútù dé, tó sì máa ń bá a lọ. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí Rosenthal, ó sì ti kíyè sí àìsàn náà lára ara rẹ̀ lẹ́yìn tó kó lọ sí New York. Síbẹ̀, kì í ṣe àìsàn àlejò: ó ń ṣe ọmọ onílẹ̀ náà, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Oorun àsùnjù, ìyánhànhàn fún oúnjẹ agbáralókun àti ohun dídùn, sísanra, àti ìbànújẹ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ wà lára àmì rẹ̀.

Àwọn kan á ní iná mànàmáná wà nínú ọ́fíìsì. Ojú ló ń tàn wá jẹ níbẹ̀, nítorí pé ó tètè máa ń bá ìmọ́lẹ̀ kékeré mu. Iná ọ́fíìsì kì í sábà ju 300 sí 500 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó), nígbà tí ìta gbangba lọ́sàn-án, kódà bí ìkùukùu bò ó, sábà máa ń ju 1,000 lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tó dára jù tí agbanisíṣẹ́ lè fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni àkókò ìsinmi ọ̀sán tí kò ní sí ìpàdé kankan nínú rẹ̀, tí wọn yóò lè fi rìn níta kí oòrùn tó wọ̀. Kó fi ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, dípò kó fi to kọ́bọ́ọ̀dù àti fáìlì; kó sì jẹ́ kí ẹni tó bá ṣeé ṣe fún máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa.

Ní ti àpótí ìmọ́lẹ̀ tí àwọn dókítà máa ń júwe fún ìtọ́jú àìsàn yìí, èyí tó ń tan 10,000 lux, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lówùúrọ̀ ni wọ́n sábà ń lò ó. Ẹni tó ní àìsàn ojú, tàbí ẹni tí ìṣesí rẹ̀ máa ń fò láti ìsoríkọ́ sí ayọ̀ àyọ̀jù, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di dókítà: bí ìbànújẹ́ òṣìṣẹ́ kan bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó bi í léèrè ní ìkọ̀kọ̀ bí ara rẹ̀ ṣe rí, kó sì fún un láàyè láti lọ rí dókítà láìgé owó iṣẹ́ rẹ̀.