Inú Odi Òkúta Zaraysk ni Oyè Gómìnà Ilẹ̀ Rọ́ṣíà Ti Gbó

Bí ẹ bá bi àwọn olùkọ́ ìtàn pé ta ló dá oyè gómìnà sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, Peter Ńlá ni wọn yóò dárúkọ. Wọ́n á ní ní December 1708 ló pàṣẹ kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn mẹ́jọ, kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀. Òótọ́ ni àṣẹ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ kọ́ ló bí i. Orúkọ ni Peter mú wá láti òkèèrè. Iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Peter rárá. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Zaraysk, létí odò Osetr, ni mo gbà pé oyè náà ti di ohun tí èèyàn lè tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn dáadáa. Ìwé ìtàn tó lọ́jọ́ lórí jù ní ilẹ̀ Rus, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn, sọ pé ní ọdún 862, ọba kan tó ń jẹ́ Rurik pín àwọn ìlú fún àwọn èèyàn rẹ̀: Polotsk fún ẹni kan, Rostov fún òmíràn, Beloozero fún òmíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ ẹni tí Beloozero kàn. Ó ní láti jẹ́ ojú omi ló gbà débẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ogun tí kò pọ̀, ó sì bá àwọn èèyàn tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa kó awọ ẹranko wá lọ́dọọdún. Bí ẹni méjì bá ń jà sí odò ìpẹja, ta ni yóò dá a fún wọn? Bí ọ̀tá bá dé lóru, ta ni wọn yóò sá tọ̀? Èmi rò pé láàárín ìran kan tàbí méjì, àlejò tó wá gba ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ti di onídàájọ́ àti olórí ogun wọn. Irúgbìn oyè náà nìyẹn lójú tèmi.

Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni posadnik, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “fi jókòó”: ẹni tí ọba fi jókòó sí ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni namestnik dé, ẹni tó wà ní ipò ẹlòmíràn. Ajẹ́lẹ̀ ni àwa yóò pe méjèèjì. Ohun tí ajẹ́lẹ̀ Rọ́ṣíà sì fi ń gbé ara rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kormlenie, èyí tó wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn bọ́ ẹlòmíràn lóúnjẹ. Ọba kò san owó oṣù. Ará ìlú ló ń bọ́ ajẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń sọ pé èèyàn “jẹ” oyè kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí àṣà bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ní 945, Igor ọba Kiev padà lọ gba ìṣákọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Drevlian nígbà tí wọ́n ti san ti àkọ́kọ́, wọ́n sì pa á. Ẹni tó bá mọ bí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí ṣe pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kí ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ yóò mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Nígbà tó fi máa di 1555 sí 1556, Ivan Kẹrin, ọba Rọ́ṣíà, fòpin sí kormlenie.

Ẹni kẹta nínú ìtàn yìí ni voevoda. “Voi” ni jagunjagun, “vodit” ni kéèyàn máa darí: ẹni tó ń darí àwọn jagunjagun. Balógun gan-an ni. Kì í ṣe oyè ìlú níbẹ̀rẹ̀. Ojú ogun ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Àwọn ìlú ẹnubodè ló kọ́kọ́ ní voevoda tó ń gbé láàárín wọn, nítorí ogun kì í kúrò níbẹ̀. Báwo wá ni Balógun ṣe di gómìnà gbogbo ìlú? Ìrúkèrúdò ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe àsìkò náà ní Smuta, ọ̀rọ̀ tó bá omi tó rú tan. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó bá “ìrúkèrúdò” wa mu tó o. Ní 1598 ni Tsar (ọba) Feodor kú láìní àrólé. Ìyàn mú láti 1601 sí 1603. Ẹnì kan jáde, ó ní òun ni Dmitry ọmọ ọba tó ti kú, ó sì gorí ìtẹ́ ní 1605. Wọ́n pa á lọ́dún kejì. Vasily Shuisky jọba, Dmitry èké kejì tún yọjú, ó pàgọ́ sí Tushino lẹ́bàá Moscow. Ìlú kan á búra fún ti òwúrọ̀, á tún búra fún ti alẹ́.

Nínú rògbòdìyàn yẹn, ní February 1610, ni Shuisky rán ọmọ oyè Dmitry Mikhailovich Pozharsky lọ ṣe voevoda ní Zaraysk. Ó lé díẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ìdílé Rurik ni wọ́n, ṣùgbọ́n agbára ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ka tiwọn. “Pozhar” nínú orúkọ wọn, iná ńlá tó ń jó ilé ni. Odi ìlú tó bá níbẹ̀, Vasily Kẹta, ọba Moscow, ló kọ́ ọ láàárín 1528 sí 1531, ó ní ilé ìṣọ́ méje. Kò tóbi, èèyàn á rìn yí i ká kí omi tó hó lórí iná. Ilé àwọn ará ìlú wà lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n inú odi ni wọ́n kó oúnjẹ àti ẹrù wọn pa mọ́ sí.

Ìwé ìtàn kan tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1630 ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ni mo sì gbára lé, nítorí àwọn tó kọ ọ́ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́kọ́, Prokopy Lyapunov, aṣáájú kan ní ìlú Ryazan, ránṣẹ́ sí Pozharsky pé kó wá bá òun dìtẹ̀ sí Shuisky. Ó kọ̀, ó sì bẹ̀ Moscow pé kí wọ́n fi ọmọ ogun kún tòun. Lẹ́yìn náà ni ìlú Kolomna búra fún Dmitry èké. Àwọn ará Zaraysk bá dìde, wọ́n ní àwọn náà ti ṣe tán, àfi kí voevoda fẹnu kò ágbélébùú pẹ̀lú àwọn, bí wọ́n ṣe ń búra nìyẹn. Pozharsky kò jà, kò sì sá. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ díẹ̀ wọ inú odi, ó ti ilẹ̀kùn. Àlùfáà àgbà ìjọ Mímọ́ Nicholas súre fún un pé bó bá di ikú, kó kú síbẹ̀.

Ẹ wò ó: oúnjẹ wọn wà nínú, àwọn wà níta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá pé àwọn túúbá. Àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ni mo kà sí òkúta ìpìlẹ̀ oyè gómìnà: bí Vasily Shuisky bá ṣì wà lórí ìtẹ́ Moscow, òun ni wọn yóò sìn, bí ẹlòmíràn bá jọba níbẹ̀, wọn yóò sin òun náà. Wọ́n ya ìtẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó jókòó lé e. Ẹni tí wọ́n rán kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ọba kan mọ́. Ìlú ló ń ṣọ́ fún ìjọba. Àwọn kan ní ọgbọ́n àtisá fún ewu lásán ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Zaraysk kì bá tí jáde lọ bá àwọn èèyàn èké náà jà, kí wọ́n sì gba Kolomna padà.

Shuisky bọ́ lórí oyè ní July ọdún yẹn, àwọn ará Pólándì wọ Moscow. Wọ́n ṣe Pozharsky léṣe nínú ìjà ìgboro Moscow ní March 1611. Kuzma Minin, alápatà tí àwọn ará Nizhny Novgorod fi ṣe olórí àdúgbò, ló kó owó jọ, wọ́n sì ní Pozharsky ni àwọn fẹ́ kó ṣáájú ogun. Ní October 1612, Moscow bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Pólándì.

Nígbà tí Mikhail Romanov jọba ní 1613, voevoda bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìlú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, títí kan àwọn tó jìnnà sí ẹnubodè. Ẹni tuntun á dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, á gba kọ́kọ́rọ́ ìlú lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, wọ́n á jọ ka ìbọn ńlá, ẹ̀tù àti owó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fòfin de jíjẹ lára ará ìlú, síbẹ̀ ìwé ìṣirò àwọn olórí àdúgbò kún fún àkàrà oníẹran àti ẹja tí wọ́n gbé lọ sílé voevoda. Pozharsky fúnra rẹ̀ tún ṣe voevoda Novgorod láti 1628 sí 1630. Ó kú ní 1642, Suzdal ni wọ́n sin ín sí.

Ìyókù kò pọ̀. Peter mú “gubernator” wá, ọ̀rọ̀ Látìn tó ti inú “títu ọkọ̀ ojú omi” wá, orísun kan náà pẹ̀lú “gómìnà” tiwa; atukọ̀ rọ́pò Balógun. Ọbabìnrin Catherine Kejì tún àwọn ẹkùn pín ní 1775. Ní 1905, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń dáná sun ilé àwọn onílẹ̀, ìjòyè mìíràn, Pyotr Stolypin, ni gómìnà Saratov. Lọ́dún kejì ó di olórí àwọn mínísítà, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Kiev ní 1911. March 1917 ni wọ́n yọ gbogbo gómìnà ọba kúrò. Orúkọ náà padà dé láàárín ọdún 1990 sí 2000. Abẹ́ gómìnà ẹkùn Moscow ni Zaraysk wà lónìí, ilé ìṣọ́ méjèèje sì ṣì dúró.