Ẹni Tó Gba G1 Kò Tíì Gba Bẹ́líìtì

Tí ìdíje G1 Climax ti New Japan Pro-Wrestling, ilé iṣẹ́ ìjàkadì kan ní Japan, bá ti parí, oṣù kẹjọ ló sì sábà máa ń jẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wàá máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Pánsẹ́kẹ àti nílé ìwòran ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta: "Lágbájá ló ni bẹ́líìtì báyìí," ìyẹn bẹ́líìtì àgbà tó fi hàn pé ẹnì kan ni ọ̀gá gbogbo wọn. Irọ́ ni. Ó sì ń dùn mí, torí àwọn tó ń sọ ọ́ fẹ́ràn ìjàkadì tọkàntọkàn, wọ́n mọ àwọn ọmọ Japan wọ̀nyí dáadáa.

Ẹni tó bá wò ó dópin mọ̀ pé ife àti àsíá ni wọ́n ń gbé fún ẹni tó borí. N kò ní fìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n á pín àwọn oníjàkadì sí ìsọ̀rí, kálukú á sì bá gbogbo ará ìsọ̀rí rẹ̀ jà. Ìjáwé olúborí, póìntì 2, ọ̀mì, 1, ẹni tí wọ́n bá nà, òdo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá na ẹni tó ni bẹ́líìtì gan-an ńkọ́?" Kò tún sí bẹ́líìtì níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ti Kenny Omega, ọmọ Kánádà, àti Kazuchika Okada, tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní January 4, 2017, wọ́n jà ní Tokyo Dome, gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá kan ní Japan, fún ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 45, Okada ló borí. Ní June, wọ́n tún jà fún odindi wákàtí kan ní Osaka, ó di ọ̀mì. Nígbà tó di August 12, wọ́n pàdé nínú G1. Omega gbé Okada jókòó sí èjìká, ó fi orí rẹ̀ sọlẹ̀, rẹfirí ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ìjà parí láì tó ìṣẹ́jú 25. Síbẹ̀ Okada ló gbé bẹ́líìtì lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, Tetsuya Naito na Omega ní àṣekágbá. June 2018 ni Omega tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Okada, ní ìjà tí wọ́n dìídì fi bẹ́líìtì sí.

Kí wá ni èrè G1? Ààyè láti du bẹ́líìtì ni. Láti 2012 títí dé 2023, Tokyo Dome ní oṣù kìíní ni wọ́n ti máa ń fún olúborí láàyè náà. Inú báàgì pẹlẹbẹ ni ìwé àdéhùn ìjà náà sábà máa ń wà nígbà náà, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dọjọ́ náà, bí Jay White ṣe gba ti Kota Ibushi ní November 2020. Ìdìbò abẹ́lé ni G1, ẹni tó bá wọlé níbẹ̀ kò tíì di gómìnà. Gbogbo ẹni tó gba G1 láti 2012 títí dé 2017 ló fìdí rẹmi nígbà tí oṣù kìíní dé. Hiroshi Tanahashi, tó gba ti 2018, ni ẹni àkọ́kọ́ tó yege.

N kò ní sọ pé ìgbàgbọ́ yìí kò ní orísun rárá. Ní 1992, bẹ́líìtì NWA, ti ẹgbẹ́ ìjàkadì kan ní Amẹ́ríkà, tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wà nínú G1 lóòótọ́, Masahiro Chono ló sì gbà á. Ní 1995, Keiji Mutoh gba G1 nígbà tí bẹ́líìtì IWGP, bẹ́líìtì àgbà ti New Japan, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bóyá kì í ṣe ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà sì lè yí ìlànà padà lọ́la.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni owó. Àwọn ọmọdékùnrin ń ta tẹ́tẹ́ lórí àríyànjiyàn yìí, àkọlé fídíò inú fóònù sì ni ẹ̀rí wọn. Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, ẹ padà wo ìbẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Tí wọ́n bá fi bẹ́líìtì sí i, rẹfirí á kọ́kọ́ gbà á, á gbé e sókè kí gbogbo èrò rí i, kí aago tó dún. Tí ẹ kò bá rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó yín sápò.